Ọkọ̀ Ni Mò Ń Kọ́, N Kò Dá Ìjọ Sílẹ̀

Dúrójayé Oyèkànmí,
Olùtọ́jú Magazzino,
Via delle Robinie 27, inú cortile,
Barriera di Milano,
Torino.

Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹwàá, 2014.

Alága àti Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ,
Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ Ọmọ Yorùbá,
Barriera di Milano,
Torino.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ Ẹ MÁ ṢE JẸ́ KÍ WỌ́N GÉ ṢAASÍ ỌKỌ̀ TÓ WÀ NÍNÚ MAGAZZINO ẸGBẸ́

Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú magazzino, ilé ìkẹ́rùsí ẹgbẹ́ wa. Kò sí i rí. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́ láti ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ bi mí, àmọ́ ojú tì mí, mo sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa rìn lọ. Ohun tí Alhaja Sìkírátù rí lábẹ́ aṣọ funfun kì í ṣe pẹpẹ. Ṣaasí ni, ìyẹn egungun ìsàlẹ̀ tí gbogbo ara ọkọ̀ máa ń gùn lé. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ́ ọ.

Lẹ́tà yín ti ọjọ́ Ajé sọ pé mo rú òfin tó ní a kò gbọ́dọ̀ ṣe ìsìn kankan, ti Mùsùlùmí tàbí ti Kìrìsìtẹ́nì, níbi tí ẹgbẹ́ háyà. Ẹ ní tó bá di Sátidé, àwọn tó ń ra irin àlòkù yóò wá gé ohun tó wà níbẹ̀, wọn yóò sì kó o lọ. Òfin náà dára. Mo wà ní ìjókòó nígbà tí a ṣe é, mo sì nawọ́ sókè. Ẹ̀sùn náà ni kò bá mi mu, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni mo fún un lẹ́sẹ̀ tó fi ń rìn.

Ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ ni mo wà kí wọ́n tó ní ká lọ jókòó sílé. Ní gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, ìdè ilẹ̀kùn apá òsì ni mò ń dè. Ọkọ̀ á dé iwájú mi láìní ojú, á sì kọjá lọ láìní ojú. N kò rí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀kan, n kò rí òpin rẹ̀. Nígbà tí mo wá jókòó sílé, àwọn ọkọ̀ wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wá bá mi lójú oorun. Wọ́n á tò sórí odò Po, wọ́n á máa léfòó lọ jẹ́jẹ́, ilẹ̀kùn òsì nìkan ló máa wà lára wọn. Ìyàwó mi ní bí mo bá tún na ọwọ́ sáfẹ́fẹ́ láti de ìdè lójú oorun, kí n lọ máa sùn ní pálọ̀.

Bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀ lọ sí magazzino nìyẹn, nítorí inú cortile, àgbàlá ẹ̀yìn ilé wa, náà ló wà, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ mi. Mo kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà díẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́yìn ìwé mẹ́wàá, àmọ́ n kò dúró ṣe fírídọ̀mù, nítorí náà n kò mọ̀ títí di òní bóyá ẹnu mi gbà á kí n pe ara mi ní wẹ́dà. Mo fi ṣọ́ọ̀kì ya ọkọ̀ sórí sìmẹ́ńtì, bí ọ̀gá mi ṣe máa ń ya géètì. Bí a ṣe ń jó géètì náà ni mo ṣe jó o: mo parí ẹ̀gbẹ́ kan pátá kí n tó yí sí èkejì. Iná fa irin, irin sì lọ́. N kò mọ̀, àfìgbà tí Olúbísí, ọmọ ẹgbẹ́ wa tó ń ṣe ẹnjiníà ní Reggio Emilia, wá wò ó. Ó wọ̀n ọ́n láti igun dé igun, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí á máa lọ sí Milano, ojú ẹ̀ á máa wo Genova." Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi iná kan ibí díẹ̀, kan ọ̀hún díẹ̀, kí irin má baà bínú sí apá kan. Mo gé e, mo tún un jó. Ó ti ń bọ̀ sípò.

Bí mo bá ń jó irin, orúnkún ni mo máa ń wà, mo sì máa ń kọrin. Orin ìsìn ni mo mọ̀ jù. Ìmọ́lẹ̀ iná aláwọ̀ búlúù á máa kọ mànà lójú fèrèsé, èéfín á máa jáde. Lágbègbè tiwa yìí, magazzino wo ni Yorùbá ti ń kọrin tí kì í ṣe ìjọ? Olúfúnkẹ́ tó ń dirun nítòsí ọjà Porta Palazzo kọjá lọ́jọ́ kan, ó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi fi permesso mi sádùúrà." Abẹ́ irin ni mo wà, ìbòjú wẹ́dà wà lójú mi. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo ní, "Àmín." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá déédéé, mo sì ń ṣe Àmín. Permesso, ìwé ìgbélùú rẹ̀, jáde. Ó gbé abọ́ ìrẹsì wá, ó tẹ́ aṣọ funfun lé e lórí, ó ní ti pẹpẹ ni. Mo fi bo ṣaasí nítorí eruku.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Alhaja wá mú àga ẹgbẹ́. Ó wo aṣọ, ó wò mí, ó ní, "Dúrójayé, o ò sọ fún wa pé o ti di wòlíì. Ṣé o máa ń ríran fún àwa ará òdì kejì náà?" Mo dá a lóhùn pé, "Àdúrà yín ló ń gbé wa ró, Alhaja." Ìdáhùn pásítọ̀ nìyẹn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń kúrò lẹ́nu mi. Ó rọrùn fún mi kí ẹ pè mí ní wòlíì ju kí ẹ pè mí ní àgbàlagbà tó ń firin ṣeré. Wòlíì pọ̀ láàárín wa, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ẹni tó yọ̀ǹda rẹ̀. Ọkọ̀ ni wọ́n máa ń béèrè ìwé ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, oòrùn máa ń gba fèrèsé òkè wọlé, á tẹ́ gbọọrọ sórí irin gígùn méjèèjì ṣaasí bí ọ̀nà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Mo máa ń gbé àpótí lé ibi tí dẹ́rẹ́bà máa jókòó sí. Mo ti ti ibẹ̀ dé Padova, mo ti kọjá Mestre, mo ti rí omi tó tẹ́ lọ títí níwájú mi, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹńjìnnì, kò sí táyà. N kò lè búra pé yóò di ọkọ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò ní rárá. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé àwọn ni yóò sọ ọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá àwọn onírin àlòkù dúró. Ẹ yan ẹni mélòó kan, kí Alhaja wà lára wọn, kí wọ́n wá fojú ara wọn rí i. Bí ẹ bá ní kó kúrò, ojúlùmọ̀ Olúbísí kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Padova, ó ní òun yóò gbà á ní ìparí oṣù Kọkànlá. Ṣùgbọ́n kó kúrò lódindi. Ṣaasí tí wọ́n bá ti gé wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, bí a tilẹ̀ tún un jó, ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ jókòó lé e? Bí ẹ bá fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi nítorí irọ́ tí mo fi ìdákẹ́ pa, ó tọ́ sí mi, n kò ní í janpata.

Mo mọ̀ pé ẹ ó ka lẹ́tà yìí sétí gbogbo ilé ní Sátidé, Olúfúnkẹ́ yóò sì wà níbẹ̀. Kò yẹ kó jẹ́ láàárín èrò ni yóò ti gbọ́. Lọ́la, kí oníbàárà tó pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, màá lọ bá a níbi ìdirun, màá sọ fún un pé wẹ́dà ló ń ṣe Àmín fún un, màá sì dúró gbọ́ ohunkóhun tó bá fẹ́ sọ sí mi.

Ẹ ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀.

Èmi ni tiyín, ọmọ ẹgbẹ́ yín síbẹ̀,

Dúrójayé Oyèkànmí
(Olùtọ́jú Magazzino)