Gílóòbù Tí Mo Yọ

Ọjọ́ Jímọ̀, 14 Oṣù Kẹta, 1986

Ìwé mi, má bínú pé mo tún ṣí ọ. Ọwọ́ tó ṣe ohun tí mo ṣe lónìí kò yẹ kó máa di bírò mú.

Dádì Ìlódè, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní kí n gbé mọ́tò wọn lọ fọ̀. Ní Ìrémọ, mo fi kọ lu kùkùté igi. Ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́, ṣùgbọ́n iná pupa tó ń ṣọ́ bíréèkì tàn níwájú mi, kò sì kú mọ́. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ Múfú rewáyà, tó ń tún iná mọ́tò ṣe, ó sì yọjú wo abẹ́ mọ́tò.

"Akọ̀wé, iná yìí ò parọ́. Òróró bíréèkì ń jò. Ẹ gbé e lọ fún mẹkáníìkì."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó kàn bá mi pa iná náà. Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ yín ní yunifásítì nìyẹn?"

Mo yọ gílóòbù iná náà fúnra mi.

Nígbà tí mo dá mọ́tò padà, Dádì fa bíréèkì ọwọ́, iná pupa yẹn tó yẹ kó tàn kò tàn. "Gílóòbù yìí ti jó. Kí èmi àti Màmá ẹ ti Ìwó dé lọ́la ná, ká tó pààrọ̀ ẹ̀. O ṣé tó o fọ̀ ọ́, ọmọ mi."

Mo ní, "Kò tọ́pẹ́, sà."

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ọ̀nà Ìwó yẹn, tó bá jẹ́ ibẹ̀ ni bíréèkì ti...

Gílóòbù náà rèé lórí tábìlì, kò tó èékánná. Mo ti wọ bàtà. Ìwé mi, bò mí láṣìírí títí n ó fi dé Ìlódè. Ẹnu mi ló yẹ kí Dádì ti gbọ́ ọ.