Igbe Tí Mo Ké Lọ́nà Àgbádárìgì

Abà Ọdẹ́túndé,
Lọ́nà Ìkirè.
Oṣù Kọkànlá, 1988.

Ṣìkẹ́mi ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà Èkó. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọ̀gá rẹ ní Warehouse Road rí ẹ̀bi rẹ. Ìyá rẹ ń kí ọ. Òjò ti dá, àgbò wa já okùn ó jẹ gbogbo ewé ẹ̀gẹ́ alágbẹ̀dẹ, a ti parí ìjà yẹn. Ara mi le, àfi ìdí mi tí kò tíì lè jókòó lórí àga.

Mo mọ̀ pé nígbà tí o ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ Sátidé yẹn tí o kò bá mi nílé, inú rẹ bàjẹ́. Má bínú. Ojú ló tì mí tí mo fi sá wálé láìdágbére. Ọkọ rẹ á ti sọ díẹ̀ fún ọ, ṣùgbọ́n ọmọlúàbí ni, kò ní sọ ọ́ tán, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ fúnra mi.

Ẹnu mi ni mo fi fà á. Akínwùmí ní ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì yín fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ láti Boundary l'Ájégúnlẹ̀ yín dé Àgbádárìgì, mo rẹ́rìn-ín, mo ní kí wọ́n tó bí i ni mo ti ń fi kẹ̀kẹ́ gbé kòkó lọ sí Ìkirè, kí ó wá kẹ̀kẹ́ fún èmi náà. Báwo ni yóò ṣe kọ̀ fún bàbá ìyàwó rẹ̀?

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n gbé fún mi, táyà rẹ̀ tín-ín-rín, ọwọ́ rẹ̀ ká bí ìwo, kò sì ní ibi tí a ń di ẹrù mọ́. Mo bi wọ́n pé iṣu ńkọ́, wọ́n ní a ò gbé iṣu. Mo ní ṣé ọjà ni a fẹ́ lọ rà, wọ́n ní rárá, a kàn fẹ́ débẹ̀ kí a sì padà ni. Mo rò ó títí, mo gbà pé ẹ̀jẹ́ ni wọ́n jẹ́. Wọ́n de igbá líle kan mọ́ mi lórí, wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ mi láyà, mo ń gbàdúrà kí ẹni tó mọ̀ mí má rí mi, torí ẹlẹ́wọ̀n ni mo mọ̀ pé wọ́n ń fún ní nọ́ńbà.

Kí a tó gbéra, Benson tó jẹ́ olórí wọn fi òyìnbó àti Pìjìn ṣàlàyé púpọ̀, ó ń nawọ́ sẹ́yìn. Akínwùmí ní Bàbá, ṣé ẹ gbọ́? Mo ní mo gbọ́ dáadáa. Ọmọ mi, n kò gbọ́ ẹyọ kan. N kò fẹ́ kí àna mi mọ̀ ni.

Títí dé Ọ̀kokomáíkò, mo wà láàárín wọn, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ fún mi, orí mi ń wú. Lẹ́yìn Agbára ni ẹsẹ̀ mi kọ̀. Wọ́n fi mí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí n kò fi rí ẹnì kan níwájú mọ́, igi àgbọn nìkan lọ́tùn-ún lósì. Mo wẹ̀yìn, mo rí ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù kan tó ń tẹ̀ lé mi jẹ́jẹ́. Bí mo bá yára, ó yára. Bí mo bá dúró, ó dúró. Kẹ̀kẹ́ méjì wà lẹ́yìn rẹ̀, n kò rí àwọn tó ni wọ́n. Awakọ̀ náà yọrí, ó ní Bàbá, ó ti rẹ̀ yín, ẹ wọlé kí n gbé yín. Mo rántí ìkìlọ̀ rẹ, pé kí n má wọ ọkọ̀ ẹni tí n kò mọ̀ l'Ékòó.

Ni mo bá ju kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, mo figbe ta pé gbọ́mọgbọ́mọ rèé o!

Ṣìkẹ́mi, n kò mọ ibi tí èèyàn ti jáde. Kí n tó mí, wọ́n ti wọ́ ọkùnrin náà sílẹ̀, wọ́n fa ẹ̀wù rẹ̀ ya, wọ́n fọ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀, ẹnì kan ti gbé òkúta sókè. Ó ń ké pé Sànúsí ni orúkọ òun, pé Liverpool Road ni òun ti ń wakọ̀, pé àwọn oníkẹ̀kẹ́ ló ní kí òun máa kó àwọn tó bá ti rẹ̀, pé kẹ̀kẹ́ ìpààrọ̀ ni méjì tó wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ìgbà yẹn ni ohun tí Benson ń nawọ́ sí lẹ́yìn wá yé mi. Ó yé mi, síbẹ̀ n kò lè sọ̀rọ̀.

Akínwùmí ló padà wá wò mí. Ó ju kẹ̀kẹ́ nù, ó dùbúlẹ̀ lé Sànúsí lórí, ó ní òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ lù, pé àṣìmọ̀ ni, pé bàbá ìyàwó òun ló pariwo. Gbogbo wọn kọjú sí mi. Mo ní òótọ́ ni. Ohùn mi kò ju ti òròmọdìyẹ lọ.

Kò sẹ́ni tó dé Àgbádárìgì mọ́. Philomena, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wọn tó ti ń múra ìrìn náà láti ọdún tó kọjá, jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ó ń sunkún, ṣùgbọ́n ó ṣì kúnlẹ̀ kí mi.

Sànúsí náà ló gbé mi padà sí Ajégúnlẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lù wá lójú. Ẹ̀jẹ̀ wà ní ètè rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní Bàbá, ẹ̀rù ló bà yín, ẹ jẹ́ ó lọ. Ó bu búrẹ́dì rẹ̀ sí méjì, ó fún mi ní èyí tó tóbi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá dúró dè ọ́. Bó ṣe já mi sílẹ̀, mo kó ẹrù mi, mo wọ ọkọ̀ Ìbàdàn.

Owó tí o máa ń fún mi lóṣooṣù, má fi ránṣẹ́ lóṣù yìí. Bá mi fi tún gíláàsì Sànúsí ṣe, kí o sì ra ẹ̀wù fún un. Bí nǹkan bá ṣẹ́ kù, fi ra tábà fún mi, má sì fi í sí báǹkì, torí nígbà tí mo lọ síbẹ̀, akọ̀wé ní owó mi wà nínú ìwé. Mo ní kó ṣí ìwé náà kí n rí i. Ó ṣí i, kò sí kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Kí Akínwùmí fún mi. Ẹni tó lè fi ara rẹ̀ bo ẹlòmíràn, ọkàn mi balẹ̀ pé ilé rẹ̀ lo wà. Ọlọ́run yóò fi ara tirẹ̀ bo ẹ̀yin méjèèjì. Ìbẹ̀rù ẹlòmíràn kò ní pa yín lára.

Bá mi bi Sànúsí bóyá mo lè wá. Bí ó bá ní kí n máa bọ̀, màá dọ̀bálẹ̀ fún un ní gbangba Boundary, èmi tí mo bí irú rẹ̀. Bí ó bá ní rárá, má kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Má fèsì rárá. Yóò yé mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adékànmí.