Ìgò Ló Jẹ̀bi, Kì í Ṣe Ọwọ́ Mi

                                        Yàrá Kẹrin, Òkè Kejì,
                                        Ilé Ìwádìí Erùpẹ̀.
                                        Ọjọ́ kọkànlá, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé orúnkún yín ti ń jẹ́ kí ẹ gun àtẹ̀gùn? Bọ̀dá ńkọ́? Àwọn ìbejì ńkọ́? Mo rí lẹ́tà yín gbà, èyí tí ẹ ti ní kí n máa ṣe sùúrù. Ẹ̀gbọ́n mi, sùúrù ti tán. Inú ń bí mi débi pé díẹ̀ ló kù kí bírò mi fa bébà yìí ya.

Ẹ rántí àwọn kòkòrò inú erùpẹ̀ tí mo ń sìn, àwọn tí ojú lásán ò lè rí? Irú sípíríìtì kan tí ewé ń tú jáde ni oúnjẹ wọn. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá rí bín-íntín irin kan tó ṣọ̀wọ́n, irú èyí tó wà nínú fóònù yín, oúnjẹ náà ò ní dà nínú wọn. Oṣù méje ni mo fi ń wá ẹ̀rí ọ̀rọ̀ yìí. Àfi bí mo ṣe wọlé lọ́jọ́ Ajé tí mo bá àwọn tí n kò fún ní irin rárá, tí wọ́n pọ̀ bí eṣú!

Ọ̀gá mi pariwo lé mi lórí lójú gbogbo òṣìṣẹ́: "Ọwọ́ ẹ ló dọ̀tí! O ti ba iṣẹ́ jẹ́!" Ó sì yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé tí a fẹ́ tẹ̀.

Ìyá tó ń bá wa fọ ìgò ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ọmọ mi, má sunkún. Ọ̀gá yín ló ní kí n da omi tí o fi ń sin àwọn kòkòrò rẹ kúrò nínú ike sínú ìgò, pé àlejò ń bọ̀, ike ò bójú mu. Nígbà tí àlejò lọ, ó ní kí n dà á padà sínú ike."

Háà! Ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa pé a kì í fi ìgò ṣe iṣẹ́ yìí, torí irin yẹn máa ń jò díẹ̀díẹ̀ láti ara ìgò? Mo tún un dán wò. Nínú omi tí kò kan ìgò rí, wọn ò pọ̀ sí i rárá. Nínú èyí tó ti inú ìgò wá, wọ́n jẹun yó.

Mo gbé e síwájú ọ̀gá. Ó ní òun á dá orúkọ mi padà, bí mo bá lè fọwọ́ sí ìwé pé èmi ni mo lo ìgò. Kòkòrò tí kò lójú mọ ohun tó wà nínú omi. Ọ̀gá olójú mẹ́rin ní òun ò mọ̀ ọ́n! Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Ọ̀la ló ní kí n mú ìwé náà wá.

Ẹ bá mi kí Bọ̀dá, kí ẹ sì gbá àwọn ìbejì mọ́ra fún mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ palẹ̀ yàrá ẹ̀yìn mọ́ dè mí. N kò ní fọwọ́ sí i.

Èmi àbúrò yín tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́,
Oníkòkòrò.