Ìràwọ̀ Márùn-ún Tí Mo Fún Àwọn Oníná

Sabon Gari,
Zaria.

Abdulwaheed ọmọ mi,

Ṣé ara le l'Ábújà, ṣé o ń jẹun kí o tó jáde? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́ ní ìdálẹ̀. Sarat àbúrò rẹ ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí, mo sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò.

Nǹkan kan ló rú mi lójú. O mọ̀ pé tiransifọ́mà wa ti jóná látìgbà àwẹ̀, fíríìjì mi ti di àpótí aṣọ, kò sì sẹ́ni tó ń ra sóbò mi tí kò tutù. Ni ọmọbìnrin kan bá dé, Ìpàdéọlá lórúkọ rẹ̀, ó ní òun wá láti ẹgbẹ́ tó ń bá àwa tí à ń ra iná sọ̀rọ̀ níwájú ìjọba, pé ìjọba fẹ́ gbọ́ tẹnu aráàlú kí wọ́n tó pín tiransifọ́mà tuntun. Ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa. Ó ní ìyá, iná yín ńkọ́, mo ní a dúpẹ́. Àlejò tí kò tíì mu omi, ṣé ìṣòro ni èèyàn á fi pàdé rẹ̀? Ó tún ní kí n fún àwọn oníná ní ìràwọ̀ láti inú fóònù òun, láti ẹyọ kan dé márùn-ún. N ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe, ṣùgbọ́n o mọ̀ pé èmi kì í ṣahun, mo ní kó kó márààrún fún wọn. Mo wọlé lọ bu omi, kí n wá jókòó sọ tinú mi, kí n tó jáde ó ti wọ ilé kejì. Àwọn yẹn náà, lafiya lau, pé àlàáfíà ni, ni wọ́n fi dá a lóhùn.

Ìpàdé ẹgbẹ́ náà pẹ̀lú ìjọba ti wáyé ní Kàdúná. Tíṣà Adédàpọ̀ tó ń gbé ọ̀kánkán wa ló ka àbọ̀ rẹ̀ fún wa, pé ẹgbẹ́ náà ní inú àwa ará àdúgbò yìí dùn sí iná. Àdúgbò Tukur-Tukur ni tiransifọ́mà lọ, níbi tí Láwàl télọ̀ kò ti jẹ́ kí ọmọ náà kí i tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í bú u. Ṣé ẹni tí kò ní ẹ̀kọ́ ilé ni ìjọba ń gbọ́ tirẹ̀ ni? Ó dùn mí, ọmọ mi.

Jọ̀wọ́, bá mi wá ẹgbẹ́ náà rí, kí o sọ fún wọn pé kíkí ni mo ṣì ń kí wọn, n ò tíì sọ̀rọ̀. Kí wọ́n dá ìràwọ̀ mi padà, kí wọ́n fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún àwọn oníná nítorí ojú. Kí o sì fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi máa ra áìsì ní Dakace.

Ọlọ́run á lànà fún ọ, màá jẹ èrè rẹ. Ó ku ọ̀rọ̀ ẹyọ kan. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ tí o bá pè mí, o máa ń bèèrè bóyá ara mi le, mo máa ń ní a dúpẹ́, o ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Láti ìsinsìnyí lọ, tí mo bá ti ní a dúpẹ́, dúró díẹ̀, kí o tún bi mí.

Èmi ìyá rẹ.