Àpótí Bàbá Nínú Igogo

Ọ̀wọ̀,
Oṣù Kẹsàn-án, 1991.

Ẹ̀gbọ́n mi Láníyì,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ ní Jọ́ọ̀sì. Orúnkún Màmá ti fúyẹ́. Wọ́n ti ń dá rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ ní kí n ta àpótí sípíkà tí Bàbá fi igi àpá kàn fún gìtá béèsì yín kí wọ́n tó jáde láyé. Ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí.

Ní Sátidé, Sylvanus tó ń ta gìtá béèsì nínú ẹgbẹ́ olórin Pólì gbé áńpílífáyà tuntun rẹ̀ wá sí pálọ̀ wa, ká wo èyí tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀ jù. Ọdún Igogo ti bẹ̀rẹ̀, a kì í sì í lu ìlù nílùú títí yóò fi parí, ṣùgbọ́n a ní gìtá kì í ṣe ìlù. Tirẹ̀ pariwo títí, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Mo wá so gìtá yín mọ́ àpótí Bàbá, mo ta okùn tó nípọn jù lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Fèrèsé gbọ̀n. Kò pẹ́, olóyè àdúgbò wa wọlé: "Ta ló ń lu ìlù nínú Igogo?"

Mo fi okùn hàn wọ́n. Kò sí awọ níbẹ̀. Wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé àpótí, wọ́n ní kí n tún un ta jẹ́jẹ́. Ẹnu wọn ò padé mọ́. Ká ní a máa ń dé fìlà nínú Igogo ni, wọn ì bá ṣí tiwọn fún un. "Ìlù ni," wọ́n ní. "Ẹ bò ó títí ọdún yóò fi parí."

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú, mi ò ní tà á. Ẹ bá mi fi okùn tuntun ránṣẹ́. Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú kanra láyọ̀.

Ó ku ohun kan tí mi ò tíì sọ fẹ́nikẹ́ni. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ta okùn yẹn, Màmá dáhùn láti ilé ìdáná pé, "Mò ń bọ̀, Bàbá Láníyì."

Èmi àbúrò yín,
Ọlámúyìwá.