Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kìtán

Ṣìkẹ́mi àbúrò mi,

Ṣé àlàáfíà ni ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ wà? Màmá ń kí ọ láti Oǹdó. Ojú wọn ti fọ́, ilà ojú wa ni wọ́n fi ń dá wa mọ̀.

Kìtán ẹ̀gbọ́n rẹ fi owó oúnjẹ gba abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ kún nílé onídìrí kan ní Àkúrẹ́, kí ilà rẹ̀ lè dí. Ó wá kí Màmá. Wọ́n fọwọ́ wá ilà náà títí, wọ́n ní, “Ìbídùnní, òkú ta lo gbé wá bá mi? Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tutù.” Mo wò ó, ibẹ̀ ti funfun. Dókítà tí mo gbé e lọ bá ní ẹ̀jẹ̀ ò débẹ̀ mọ́. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn, ó ti ń sàn.

Jọ̀ọ́, má jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe dókítà gún ọ nírú abẹ́rẹ́ yẹn. Olúwa á pa ojú rẹ mọ́.

Bá mi pe Màmá. Wọ́n ṣì ń bi mí pé níbo la sin obìnrin yẹn sí.

Ìbídùnní