Òróró Tí Mo Dà Nù

Ìyá Ìfẹ́,

Mo ti lọ sí ọjà Katako. Má bínú, mo da òróró tí o fi ń dín àkàrà kosai nù. Àdíntúndín ti sọ ọ́ di dúdú, dókítà sì ní irú ẹ̀ lè dá kún wíwú oríkèé ọwọ́ rẹ, pé ọ̀rá ẹja ló lè mú un rọlẹ̀ díẹ̀. Mo ti se ẹja títúsì. Jẹ ẹ́, kí o sì lo oògùn rẹ.

Láàárọ̀, mo di ọwọ́ rẹ mú, o sì ké pé, "Bàbá Ìfẹ́, má fọwọ́ kàn mí!" Mo mọ̀ pé ìrora ni. Ṣùgbọ́n àárò ọwọ́ yẹn ń sọ mí. Tó bá fúyẹ́ nírọ̀lẹ́, don Allah, jọ̀ọ́, fi ọwọ́ náà lé mi lórí. Mi ò ní dì í mú.

Bàbá Ìfẹ́